Ife Epo Kan Lábẹ́ Apá Bàálù

Orí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá méjì ló gorí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gùn ún, àbúrò tẹ̀ lé e, tàwọn ti bàtà àti ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn, níwájú ìgbìmọ̀ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú gáréèjì bàálù. Ìgbìmọ̀ yìí ló fẹ́ kí obìnrin fi bàálù kékeré fò kọjá aṣálẹ̀ ńlá, láìbalẹ̀ níbì kankan títí yóò fi dé òdìkejì.

Tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fẹ́ lọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, nídìí tábìlì oúnjẹ, lójú ọ̀nà ọjà, àní nínú ilé ìsìn pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń dúró kí ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí bàálù náà ń gbà kò lè gbé e dé òdìkejì aṣálẹ̀, àfi tí wọ́n bá yọ àga kejì kúrò, kí wọ́n fi táńkì mìíràn sí àyè rẹ̀. Bí àga kejì bá sì ti kúrò, ẹnì kan péré ni bàálù lè gbé. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan tètè yanjú. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn, kí ẹni tó bá fúyẹ́ jù lọ máa lọ, nítorí bí awakọ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó ni epo tí yóò lè gbé yóò ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n ti bímọ mẹ́ta. Àbúrò kò tíì bí. Kí ló tún kù tí ìwọ̀n fẹ́ sọ?

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni àbúrò wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé ìwọ̀n lo fẹ́ kí n bá jà?"

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rẹ́rìn-ín. Oníròyìn kan tó wà níbẹ̀ pe àbúrò ní Fúyẹ́, láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn sì ti mọ́ ọn lórí. Kò sí ẹni tó fún ẹ̀gbọ́n lórúkọ kankan.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ Fúyẹ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Òun ló ká aṣọ sábẹ́ ìdí rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò tíì ga tó láti rí iwájú. Òun ló kọ́ ọ bí a ti ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, tí a ó sì mọ̀ bóyá ó ń ráhùn tàbí ó ń kọrin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Fúyẹ́ dá gòkè, ẹ̀gbọ́n dúró sórí pápá, ó ń sunkún ayọ̀, ó sì ń fi etí gèlè nu ojú. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé obìnrin búburú ni.

Ìlara náà kò wọlé tariwotariwo. Ó wọlé bí àlejò tó ní òun kàn fẹ́ mu omi ni, kí a tó mọ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó ti nasẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá ń gbàdúrà fún Fúyẹ́, ọ̀rọ̀ á dé eyín rẹ̀, á dúró. Nílé ìsìn, nígbà tí àlùfáà pe Fúyẹ́ síwájú tí ìjọ sì dìde kọrin ìrìn àjò fún un, ẹ̀gbọ́n kọrin náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ọkàn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ni ọkọ rẹ̀ wí fún un lówúrọ̀ ọjọ́ kan, "búrẹ́dì lò ń gé yẹn o, kì í ṣe igi."

"Ṣé mi ò gé e dáadáa ni?"

"O gé e dáadáa. Pátákó abẹ́ rẹ̀ náà lo fẹ́ẹ̀ gé tán. Ṣé o ò ní sọ fún ọmọ yẹn pé ó ń dùn ọ́?"

"Kí ló ń dùn mí?"

"Ó dáa. Kò sí ohun tó ń dùn ọ́. Búrẹ́dì ló ṣẹ̀ ọ́."

Ìgbìmọ̀ fi ẹ̀gbọ́n ṣe olórí àwọn tí yóò máa tọ́jú bàálù nílẹ̀, kí ó lè rí nǹkan dì mú. Ó sì dì í mú lóòótọ́. Kò sí ọjọ́ tí kò rí àléébù kan. Lọ́jọ́ kan, ó ní taya ti jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó ní atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ kò dára. Ó tún ní máàpù ti gbó, àti pé ìgò omi tí Fúyẹ́ fẹ́ gbé dání kéré. Nígbà tó sọ ti ìgò, Fúyẹ́ ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

"Àǹtí, taya tí ẹ ní ó ti jẹ yìí náà lẹ fi fò lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Èmi kò gba orí aṣálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Gbogbo èèyàn ló kàn ń rí i."

Alága wá dá sí i. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, awakọ̀ nìkan ló lè sọ pé nǹkan kan kò dára lára bàálù. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó tilẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n ní "màdáámù wa." Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ gáréèjì ń wolẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ pé wọ́n ti bu òun kù.

Nígbà tó ku ọ̀la, wọ́n ti bàálù jáde síta, wọ́n gbé e sí iwájú pápá níbi tí àwọn ayàwòrán yóò ti rí i ní kùtùkùtù. Epo ti kún gbogbo táńkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo ojú ọ̀run.

"Ẹ tì í padà sínú ilé. Òjò ń bọ̀."

"Òjò ibo?" ni Alága wí. "Màdáámù, a ti sọ ọ́ tán o."

Ẹ̀gbọ́n gba ilé lọ. Bó ṣe délé tó ń ká aṣọ àwọn ọmọ ni òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ìrọ̀lẹ́ kò tíì dalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yọjú sí fèrèsé.

"Wọn ò ní bo bàálù yẹn?"

"Wọ́n ní olórí."

"Tapólì ńkọ́? Ṣebí ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n kó o sí wà?"

"Mo ní wọ́n ní olórí."

Ó mọ̀ pé rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí táńkì apá òsì, tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ti ń gbó. Ó ti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àtọjọ́ tí wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́ ló ti fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó gbọ́ bí òjò ti ń rọ̀, ó ń ká aṣọ lọ, aṣọ náà sì gún régé bí ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ọ̀run ti mọ́ gaara, ó rí búlúù bí aṣọ tuntun. Èrò ti kún etí pápá. Fúyẹ́ wọ ẹ̀wù funfun, ó sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi ní láti wo ibòmíràn.

Iṣẹ́ kan wà tí awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fò dá kó tó gòkè. Yóò lọ sábẹ́ apá bàálù, yóò tẹ nǹkan kékeré kan nísàlẹ̀ táńkì, yóò sì gba epo díẹ̀ sínú ife gíláàsì tó mọ́ gaara. Omi wúwo ju epo lọ. Tí omi bá ti wọ táńkì, ìsàlẹ̀ ni yóò wà, nítorí náà, nínú ife, omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì là wọ́n láàárín. Wọ́n tún máa ń pa epo bàálù láró búlúù díẹ̀, kí a lè dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún Fúyẹ́ láìmọye ìgbà pé ohun tó funfun ni kó máa fi ife náà wò, ìbáà jẹ́ ìwé tàbí áńkáṣífù.

Fúyẹ́ gba epo sínú ife. Ó ń mú áńkáṣífù jáde nínú àpò nígbà tí ayàwòrán ìwé ìròyìn kígbe sí i.

"Ẹ gbé e sókè! Sókè dáadáa! Ẹ wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀run! Ẹ rẹ́rìn-ín!"

Fúyẹ́ gbé ife náà sókè. Ó wò ó. Kò sí ilà kankan nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì rí búlúù.

"Ó mọ́ kedere!" ló wí, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́.

"Màdáámù," ni ayàwòrán wí fún ẹ̀gbọ́n, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ti wọnú fọ́tò."

Ó sún sẹ́yìn. Fúyẹ́ na ife sí i láìwo ojú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi dà á nù."

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti bá a da irú rẹ̀ nù rí. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo ayé, lẹ́yìn pé wọ́n ti ní kó kúrò nínú fọ́tò, ó gba ife náà bí ẹni tó gba ìgbátí. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gáréèjì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ẹfun. Ó gbé ife náà, ó fẹ́ dà á nù.

Àwọ̀ búlúù náà ti lọ.

Ó tún un wò, ó fi ògiri funfun náà ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó wà nínú ife kò ní àwọ̀ kankan. Ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn epo fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà létí ife. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fẹ́ ẹ, ìka náà kò tètè gbẹ bí epo ṣe máa ń gbẹ. Ìgbà náà ló yé e. Kò lè sí ilà láàárín omi àti epo nígbà tí kò sí epo níbẹ̀ rárá. Omi ni gbogbo rẹ̀. Búlúù tí Fúyẹ́ rí, ojú ọ̀run ni.

Ẹ́ńjìnnì yóò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba epo tó wà nínú páìpù. Yóò sáré, yóò gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mu omi, yóò sì kú lókè.

Ó yẹ kó pariwo nígbà náà. Kò pariwo. Oko koríko ńlá kan wà lẹ́yìn pápá, koríko rẹ̀ ga, ó sì rọ̀. Ó rí i bí yóò ti rí: bàálù á já sínú koríko, Fúyẹ́ á jáde pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó rọ́, á máa sunkún, ìgbìmọ̀ á máa wo ara wọn lójú, Alága á sì sọ pé àwọn ìbá ti mú ẹ̀gbọ́n. Ó rí i, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó dùn mọ́ ọn bí oyin.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè. Ojú fèrèsé bàálù ló kọ́kọ́ rí, orí Fúyẹ́ nínú rẹ̀, àti ohun dúdú ńlá tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an, níbi tí àga ẹ̀gbọ́n ìbá wà. Táńkì. Ó kún fún epo dé ẹnu. Tí bàálù bá já, nínú koríko tàbí níbikíbi, ọmọ náà kò ní jáde.

"Olúwa, gbà mí," ló wí, ó sì sáré.

Ó sáré dé iwájú bàálù, ó jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ imú bàálù tó ń yí, ó ń ju apá. Fúyẹ́ ṣí fèrèsé.

"Pa á! Pa ẹ́ńjìnnì! Omi ni!"

"Kí ni?"

"Omi ló wà ní táńkì!"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí! Gbogbo èèyàn rí i! Kò sí ilà kankan!"

"Kò lè sí ilà! Gbogbo ẹ̀ lomi!"

Alága ti dé, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Níjọ́sí taya, lánàá òjò, lónìí omi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ ní àlàáfíà."

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ife."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Mi ò mọ epo yàtọ̀ sí omi, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìlara ni!" Ẹnì kan pariwo láàárín èrò. "Ẹ ò wo ojú ẹ̀ ni? Àbúrò ẹ̀ ni o!"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà gún un nìyẹn. Ó wo Fúyẹ́. Fúyẹ́ ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Àǹtí," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, bóyá ohùn ẹ́ńjìnnì ló bò ó. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi. Lónìí nìkan."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n já ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbà. Ó gbé ife náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó gbé orí sẹ́yìn, ó sì mu ún.

Ariwo sọ. "Ó mu epo o! Ẹ gbà wá!" Alága gbá orí mú. Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Jésù. Ẹ̀gbọ́n mu ún tán dé ìsàlẹ̀, ó dorí ife kodò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ẹni tó bá mu epo tó pọ̀ tó yìí," ló wí, ó ń wo Fúyẹ́ nìkan, "ṣé ó lè dúró báyìí?"

Fúyẹ́ wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kọ́kọ́rọ́. Abẹ̀bẹ̀ náà yí díẹ̀ sí i, ó fà, ó dúró.

Wọ́n tún gba ife mìíràn lábẹ́ apá òsì, wọ́n fi áńkáṣífù wò ó. Omi ni. Wọ́n gba òmíràn, omi ni. Wọ́n gbà títí ilà náà fi hàn, àwọ̀ búlúù sì tó yọ. Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ di áńkáṣífù náà mú. Wọ́n ní kí ìrìn àjò di ọ̀túnla, kí wọ́n lè tú gbogbo epo jáde, kí wọ́n gbẹ táńkì, kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà. Gbogbo ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ń gùfẹ̀ẹ́, tí ìgùfẹ̀ẹ́ náà sì ń rùn bí ilé epo.

Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì nìkan ló ṣẹ́kù lórí àkàbà nídìí táńkì náà, ọ̀kan ń di sípánà mú, èkejì ń fi aṣọ gbígbẹ nu inú ìdérí.

"Àǹtí."

"Hẹn."

"Mo rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ dúró. Mo rò pé ẹ ń gbàdúrà ni."

"Mi ò kọ́kọ́ gbàdúrà."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n lè purọ́. Irọ́ náà wà nítòsí, ó sì dùn ún gbé. "Mò ń wo oko koríko yẹn," ló wí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Fúyẹ́. Nígbà tó yé e, ó gbé sípánà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé ẹ kórìíra mi ni?"

"Rárá o. Ìrìn àjò yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò rí ẹ mọ́."

"Ẹ tún mọ̀ pé òjò máa rọ̀."

"Mo mọ̀. Mo sì jókòó sílé. Darí jì mí, ọmọ ìyá mi."

Fúyẹ́ tún mú sípánà náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó lọ sí apá ọ̀tún bàálù, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ti gáréèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn jáde. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ìwé nígbà tí Fúyẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé láìkan án, ó sì la ìwé náà mọ́ orí tábìlì. Àwòrán ẹ̀gbọ́n ló gba ojú ìwé àkọ́kọ́: ó gbé orí sẹ́yìn, ife wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ le bí okùn. Lẹ́yìn rẹ̀, apá bàálù díẹ̀ hàn, àti ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan nínú ẹ̀wù funfun.

"Ìgbọ̀nwọ́ mi nìyẹn," ni Fúyẹ́ wí.

"Mo rí i."

"Èmi ni mo fẹ́ gba orí aṣálẹ̀ kọjá, Àǹtí. Èmi! Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n fi mí ṣe. Wọ́n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ."

"Ọṣẹ wo ni?"

"Ẹ má bá mi ṣeré!"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n gbé tíì rẹ̀, ó rọra kọjá sí yàrá. Ẹ̀gbọ́n wo ojú àbúrò rẹ̀. Ètè rẹ̀ kún, iṣan ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò lè kúrò lára àwòrán náà. Ó mọ ojú yẹn. Ó ti rí i nínú díńgí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò mọ̀gbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àbí? Bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ síbí yìí." Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

"Kí ló sọ̀ kalẹ̀?"

"Tí wọ́n bá sì darúkọ ẹni yẹn, á tún yí padà lẹ́ẹ̀kan."

Fúyẹ́ ya ẹnu, ó fẹ́ sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wó sórí àga. "Ó burú o," ló wí. "Báyìí ló ṣe ń ṣe yín látijọ́ yìí?"

"Ó ju báyìí lọ."

"Tí ẹ sì ń bá mi di bọ́ọ̀tì bàálù?"

"Mo dì wọ́n le. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe."

Fúyẹ́ bo ojú. Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, àfìgbà tó gbọ́ ọ. Méjèèjì ni. Ó fà á mọ́ra, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìwé ìròyìn náà wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn, ó ń rún.

Ní ọ̀túnla tí wọ́n dá, Fúyẹ́ gbéra. Kò ké sí ayàwòrán, ó fi áńkáṣífù wo ife kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Ẹ̀gbọ́n lo gbogbo ọjọ́ náà nídìí fóònù gáréèjì. Kò jẹun. Ó gbàdúrà, ọ̀rọ̀ sì jáde, ó ń dúró díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí fóònù dún.

"Àǹtí, mo ti balẹ̀."

Ó yin Ọlọ́run, ó kígbe, ó fẹsẹ̀ jó lórí sìmẹ́ńtì, Alága tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá bá a jó. Nígbà tó mí tán, ó fi fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Báwo ló ṣe rí lókè?"

"Mi ò ní sọ fún yín lórí fóònù. Ẹ máa jowú."

"Mo ti ń jowú, ọmọ ìyá mi. Sọ ọ́."

Fúyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, bí iyanrìn ti pọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, bí òjìji bàálù ti ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹja kékeré, bó ti dà bíi pé ayé kò tíì ní èèyàn kankan. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀, ó di ojú, ó sì ń gbọ́.